Àkèré Kékeré Tí Ń Jẹ́ Orúkọ Ìlú Ìgbẹ́tì

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, tí ilẹ̀ sì ṣú, kò sí ẹni tí ń gbé Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì níhìn-ín tí kò mọ ariwo tí ń ti inú àkùrọ̀ gòkè wá. Ohùn ńlá kan wà nínú rẹ̀ tí í ṣe ti kọ̀ǹkọ̀. Èyíinì kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dákẹ́, tí ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, yóò gbọ́ ohùn mìíràn tí ó tínrín, tí ń dún léraléra bí ìgbà tí a ń fi èékánná ta ìgò. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìrẹ̀ ni ó ń ké bẹ́ẹ̀. Ìrẹ̀ kọ́. Àkèré ni, èyí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè jókòó sí orí ìka ọwọ́ kan ṣoṣo.

Irú àkèré yìí kì í gbé inú ihò bí ọ̀pọ̀lọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èyí tí a ń gbẹ tí a sì ń tà fún ọbẹ̀ ní ọjà mìíràn. Orí koríko ni ilé rẹ̀: orí eèsún, orí ewé kókò, orí ohun gbogbo tí ó bá hù sí etí omi. Orí ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ róbótó, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ewé, tí atẹ́gùn kì í fi í gbọ̀n ọ́n dànù bí eèsún náà tilẹ̀ ń fì sọ́tùn-ún sósì. Nítorí ibùgbé rẹ̀ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é ní àkèré ìféfe. Àwa yóò máa pè é ní àkèré orí eèsún nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Orúkọ agbo-ilé rẹ̀ nínú ìwé àwọn amòye ni Hyperolius. Ará Jámánì kan, Wilhelm von Rapp, ni ó fi orúkọ náà lélẹ̀ ní 1842, láti ìgbà náà wá ni a sì ti ka ẹ̀yà tí ó lé ní 100 mọ́ agbo-ilé náà. Gbogbo wọn pátá ni ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà.

A bi bàbá àgbẹ̀ kan tí ń gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ léèrè orúkọ tí àwọn baba rẹ̀ ń pe àkèré yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Akọ̀wé, a kì í jẹ ẹ́, a kì í tà á, kì í sì í ba ẹ̀fọ́ wa jẹ́. Kí ni a ó fi orúkọ rẹ̀ ṣe?" Ìbéèrè bàbá náà kì í ṣe ti òpè. Ohun tí ènìyàn ń lò ni ó ń sọ lórúkọ. Àwọn ìyá wa tí ń tà iṣu lọ́jà lè to iṣu mẹ́fà sílẹ̀ kí wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, nígbà tí àwa tí a kàn ń jẹ ẹ́ yóò sọ pé iṣu ni gbogbo rẹ̀. Àkèré orí eèsún kò rí ẹni tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, nítorí kò bọ́ sí inú ìkòkò ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ a ní ìdáhùn kan fún bàbá, ìlú Yorùbá kan ni ìdáhùn náà sì ti wá.

Ìlú Ìgbẹ́tì wà ní àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láàárín àwọn òkè olókùúta ńláńlá, níbi tí igbó dídí ti tán tí ọ̀dàn sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣòwò mọ̀ ọ́n nítorí òkúta mábù tí a ń wà níbẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko mọ̀ ọ́n nítorí ohun tí kò tó ínǹṣì kan ní gígùn. Ọ̀mọ̀wé ará Dẹ́ńmáàkì kan, Arne Schiøtz, wá sí Nàìjíríà, ó sì ń fi òru wá àkèré kiri ní etí odò àti nínú irà. Ní 1963 ni ó tẹ ìwé jáde nípa gbogbo ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré ilẹ̀ wa. Nínú ìwé náà ni ó ti júwe àkèré tẹ́ẹ́rẹ́ kan, aláwọ̀ ewé, tí imú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí awọ ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá. Ó sọ ọ́ ní igbettensis, èyí tí í ṣe "ará Ìgbẹ́tì" ní èdè Látìnì. Àwọn baba wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí ọmọ Dẹ́ńmáàkì náà ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ kíyèsí i pé t méjì ni ó wà nínú orúkọ náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ń kọ Ìgbẹ́tì sínú ìwé àwòrán ilẹ̀ nígbà náà. Olùkọ́ èdè Yorùbá kan lè bínú sí t kejì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó lè ṣe sí i. Òfin àwọn asọlórúkọ ni pé bí a ti kọ́kọ́ kọ ọ́ ni yóò máa jẹ́.

Schiøtz kò sì sọ pé ẹ̀yà kan tí ó dá dúró ni. Láti 1865 ni a ti mọ àkèré onímú-ṣóńṣó kan láti ilẹ̀ Àngólà, tí a ń pè ní Hyperolius nasutus, "onímú." Ti Ìgbẹ́tì jọ ọ́ púpọ̀. Nítorí náà ó ka ti Ìgbẹ́tì sí ẹ̀ka lára ti Àngólà, bí ìgbà tí a bá sọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n, ibi tí wọ́n ń gbé ni ó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì dúró fún 50 ọdún.

A ní láti sọ ìdí tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí níhìn-ín gan-an ni iṣẹ́ náà ti le. Ẹni tí ó bá rò pé a lè fi àwọ̀ dá àkèré orí eèsún mọ̀ yóò ṣìnà kí ilẹ̀ tó mọ́. Schiøtz fúnra rẹ̀ fi hàn pé aṣọ méjì ni wọ́n ní. Nígbà tí ọmọ àkèré bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ìrù rẹ̀, tí ó sì jáde kúrò nínú omi, aṣọ èwe ni gbogbo wọn máa ń wọ̀, akọ àti abo: aṣọ pẹ́lẹ́ńgẹ́, aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí aláwọ̀ ewé, tí ó sáàbà ní ìlà kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Bí abo bá ń sún mọ́ àtiyé ẹyin, yóò bọ́ aṣọ náà sílẹ̀, yóò sì wọ òmíràn tí ó lè kún fún àwọ̀ mèremère. Akọ ní tirẹ̀ kò ní ìlànà: òmíràn a pààrọ̀, òmíràn a wọ aṣọ èwe títí tí yóò fi kú. Bàbá, ìyá àti ọmọ lè jókòó lórí eèsún kan ṣoṣo kí àlejò sì rò pé ìdílé mẹ́ta ni òun ń wò. Ẹ̀yà kan tilẹ̀ wà ní ọ̀dàn, nitidulus ni orúkọ rẹ̀, tí èwe rẹ̀ ń jókòó sí orí igi gbígbẹ nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn, tí awọ rẹ̀ yóò sì funfun bí ẹfun láti ta ooru dànù. Kì í kúrò níbẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Àwọn amòye ìgbà àtijọ́ tí wọ́n jókòó sí Yúróòpù, tí a ń kó àkèré ránṣẹ́ sí nínú ìgò ọtí líle, kò rí ọ̀kan nínú àwọ̀ wọ̀nyí bí ó ti wà, nítorí ọtí a máa pa àwọ̀ rẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ẹ̀yà kan náà ní orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìmọ̀, tí wọ́n sì pa ẹ̀yà púpọ̀ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan.

Ohùn ni kì í purọ́. Akọ nìkan ni ń ké. Ó ní àpò kan lábẹ́ ọ̀fun tí ń wú bí ọṣẹ tí ọmọdé fẹ́, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó orí rẹ̀. Abo a máa gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà nínú òkùnkùn kan náà, kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ohùn yàtọ̀, ìdílé yàtọ̀ nìyẹn, bí ara tilẹ̀ jọra. Schiøtz gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí téèpù, ó sì fi ẹ̀rọ ya ohùn náà sórí ìwé bí àwòrán, tí ojú fi rí bí ó ti gùn tó àti bí ó ti ga tó. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá láti gbà. Àwa tí a ń kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan náà, kí ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu wa bí kò ṣe ohùn?

Ṣùgbọ́n kò tó kí ènìyàn gbọ́ ohùn tuntun kí ó sì fi orúkọ sí i. Ó gbọ́dọ̀ kọ àpèjúwe rẹ̀ jáde ní ìwé tí gbogbo ènìyàn lè rí rà tàbí rí kà, kí ó sọ bí ó ti yàtọ̀ sí àwọn arákùnrin rẹ̀ gbogbo, kí ó sì yan àkèré kan pàtó ṣe ẹlẹ́rìí. Láti ọdún 2000, orúkọ ẹ̀yà tuntun tí kò bá ní ẹlẹ́rìí tí a yàn ní gbangba kì í dúró rárá. Ẹ̀yin oníṣòwò yóò mọ ìtumọ̀ èyí ju àwa lọ. Bí ẹni méjì bá ń jà lórí kóńgò, tí ọ̀kan ní ti èkejì kò pé, wọn kì í yanjú rẹ̀ pẹ̀lú èpè. Òṣùwọ̀n tí gbogbo ọjà fọwọ́ sí ni a ń gbé jáde. Àkèré ẹlẹ́rìí náà ni òṣùwọ̀n. A ó tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò, a ó so nọ́ńbà mọ́ ọn, a ó kọ ọjọ́ àti ibi tí a ti mú un, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń jiyàn ní 100 ọdún òní lè lọ wò ó kí ó sì wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí tí Schiøtz mú ní ilẹ̀ wa lọ sí ilé ìkó-ẹranko-pamọ́ ní Kopenhagen. Níbẹ̀ ni ará Ìgbẹ́tì ń gbé.

Ní 2013, Alan Channing ti Yunifásítì Western Cape ní Gúúsù Áfíríkà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó lé ní mẹ́wàá tú gbogbo ọ̀rọ̀ onímú-ṣóńṣó yìí wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó ohùn jọ láti ilẹ̀ púpọ̀ ní Áfíríkà, wọ́n wọn ara, wọ́n sì yẹ àmì ìran inú ẹran ara, èyí tí a ń pè ní DNA, wò. Ohun tí ojú rí bí ẹ̀yà kan náà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Wọ́n sọ ẹ̀yà tuntun mẹ́fà lórúkọ ní ọjọ́ kan. Ní ti àkèré Ìgbẹ́tì, wọn kò ní láti wá orúkọ fún un, nítorí ó ti ní ọ̀kan láti 1963, orúkọ tí ó sì kọ́kọ́ jáde ni ó ń borí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ti Àngólà, ó sì di ẹ̀yà tirẹ̀: Hyperolius igbettensis. Níbikíbi tí a bá ti rí i ní ọ̀dàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lónìí, àní ní òde Nàìjíríà níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ Ìgbẹ́tì rí, ará Ìgbẹ́tì ni a ó máa pè é.

Ìbàdàn pẹ̀lú ní tirẹ̀. Oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Edward Hallowell, ti júwe àkèré orí eèsún kan tí ń jẹ́ concolor ní 1844. Ní 1967 Schiøtz ya ẹ̀ka kan lára rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì pè é ní ibadanensis. Ìbátan wọn kan sì wà tí ó sọ ní orúkọ ilẹ̀ wa lódindi, Afrixalus nigeriensis, ní 1963. Iṣẹ́ ọwọ́ ìdílé Afrixalus wú wa lórí púpọ̀: bí wọ́n bá yé ẹyin sí orí ewé tí ó wà létí omi, wọn a ká ewé náà pọ̀, wọn a sì fi ohun lílẹ̀ kan lẹ etí rẹ̀ pọ̀ bí àpò lẹ́tà, kí ẹyin má baà gbẹ. Kò sí akọ̀wé tí ó lè lẹ àpò ìwé dára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé inú igbó jíjìn nìkan ni ohun tuntun ń gbé. Ní 2009, Mark-Oliver Rödel ti ilé ìkó-ẹranko-pamọ́ ní Berlin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ júwe àkèré kan nínú ẹbí yìí tí ó yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá agbo-ilé tuntun sílẹ̀ fún un: Morerella cyanophthalma, "olójú àwọ̀ sánmà." Igbó Banco ni wọ́n ti rí i, igbó náà sì wà nínú ìlú Abidjan, olú ìlú òwò Ivory Coast, tí ilé àti títì yí i ká.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè bàbá àgbẹ̀. Àwa tí ń ṣe iṣẹ́ ìwé owó mọ ohun kan dájú. Bí a bá kọ gbogbo ọjà inú ilé ìtajà sábẹ́ orí kan ṣoṣo, "oríṣiríṣi," olè lè kó irú ọjà kan tán pátápátá kí ìwé náà sì máa sọ pé ohun gbogbo pé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àkèré rí. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ kan ṣoṣo bá bo ẹ̀yà púpọ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ ohùn onímú-ṣóńṣó kan níhìn-ín àti òmíràn lọ́hùn-ún yóò sọ pé wọ́n pọ̀ bí yanrìn, nígbà tí ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn wà ní irà kan péré ní gbogbo ayé, tí a sì ń da yẹ̀ẹ̀pẹ̀ sí irà náà. A kò sọ pé àkèré Ìgbẹ́tì ni ó wà nínú ewu yìí; ọ̀dàn tí ó ń gbé gbòòrò. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣírò ẹ̀dá fún àjọ IUCN ti ka gbogbo ọ̀pọ̀lọ́, àkèré àti àwọn ìbátan wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2004, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n rí tí ìparun ń lé. Nínú ìṣirò tí ó jáde ní 2023, ó ti tó 41 nínú 100. Ẹ̀yà tí a ti sọ lórúkọ nìkan ni a sì lè kà bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò ní orúkọ kò sí nínú ìwé, bí ó bá sì kú kò sí ẹni tí yóò yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Adó fún 20 ọdún sẹ́yìn, ẹ jẹ́ olùdájọ́. Àkùrọ̀ tí a ti ń gé ewé kókò àti ewédú ní ẹ̀ẹ̀rùn, mélòó nínú wọn ni ó ti di ilẹ̀ ilé? A kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ènìyàn gbọ́dọ̀ rí ibi sùn, ilẹ̀ àkùrọ̀ sì sábà dínwó ju ti orí òkè lọ títí omi yóò fi wọ yàrá. Ohun tí ó dùn wá ni pé a ń dí wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ lọ fetí sí ohun tí ń ké nínú wọn. Etí odò Ùrèjè kò jìnnà sí Òkè-Ìlá níhìn-ín. A kò tíì pàdé ẹni tí ó lè ka ẹ̀yà àkèré tí ń gbé ibẹ̀ fún wa, bẹ́ẹ̀ ni a mọ ẹni tí ó lè sọ iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ wa kò sí nídìí iṣẹ́ yìí. Abiodun Onadeko ti Yunifásítì Èkó ti wá àkèré kiri nínú igbó àti irà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, òun àti Rödel sì jọ tẹ àbọ̀ iṣẹ́ náà jáde ní 2009. Irú wọn kò pọ̀ tó. Ní ojú tiwa, ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé kí ọmọ Ìgbẹ́tì tí ó bá fẹ́ rí ẹlẹ́rìí àkèré ìlú rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Dẹ́ńmáàkì. A kò bá àwọn ará Dẹ́ńmáàkì wí. Wọ́n tọ́jú ìgò náà, ọtí inú rẹ̀ kò gbẹ, iná kò sì jó ilé náà. Bí a bá fẹ́ kí èyí tí ó kàn wà nílé, a gbọ́dọ̀ ní ilé tí a lè fọkàn tán tó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹni tí a ń san owó oṣù fún láti máa bu ọtí kún ìgò lọ́dọọdún. Iṣẹ́ náà kò ní ògo, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó yìí, ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ọ̀yẹ́; kò sí èyí tí kò lè wá yàrá kan fún un.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìyànjú kò ní láti dúró de yunifásítì. Tẹlifóònù alágbèéká tí ó wà nínú àpò olúkúlùkù wa ń gba ohùn sílẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí ó gba ohùn náà fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì láìsọ̀rọ̀ sí i. Kí ó ya àwòrán àkèré náà láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, kí ó sì ya ọ̀fun rẹ̀. Kí ó kọ ọjọ́, agogo, orúkọ ibẹ̀ àti irú ewé tí ó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó sì fi àkèré náà sílẹ̀ níbi tí ó ti bá a. Àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì méjèèjì tí a dárúkọ yìí ni kí ó kó o lọ fún. Láàárín agogo méje sí mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń ké jù, ní alẹ́ tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kí ó wọ bàtà rọ́bà gígùn, kí ó sì mú ẹnìkejì dání, nítorí ejò pẹ̀lú mọ̀ pé àkèré wà níbẹ̀.